Ohun Tí Mo Bá Lábẹ́ Síìtì Ìjàpá Bàbá Mi

Ìdànrè là ń lọ lọ́jọ́ náà. Èmi ni mò ń wa mọ́tò, Ìjàpá (Volkswagen Beetle) tí bàbá mi fi sílẹ̀. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, jókòó sẹ́yìn lápá ọ̀tún, torí ó ní iwájú Ìjàpá há ju òun àti gèlè òun lọ. A ò tíì jìnnà sí Àkúrẹ́ tí mo fi já sí kòtò kan tí n kò tètè rí. Mọ́tò fò sókè, ó balẹ̀ gbì. Ìyá Àgbà náà balẹ̀ gbì. Kò pẹ́ tó fi ní, "Ìwọ ọmọ yìí, kí ló ń jó?" Mo ní ó ní láti jẹ́ àwọn tó ń sungbó. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Rárá o. Ìdí mi ló ń gbóná."

Mo yà sẹ́bàá títì kíá. Kí n tó ṣílẹ̀kùn, èéfín ti ń gba àárín síìtì yọ. Ìjàpá kò ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹ mọ̀. Àfi kí n dojú síìtì iwájú dé kí àgbàlagbà ẹni àádọ́rin ọdún ó tó lè ká ara rẹ̀ kò jáde, tòun ti gèlè, tòun ti àpò. Ọlọ́kadà kan tó ń kọjá ló bá mi fa síìtì ẹ̀yìn náà yọ, ó jù ú sínú koríko, ó sì ń bu yẹ̀pẹ̀ lé e. Nígbà tí èéfín rọlẹ̀, mo yí síìtì dà. Lára àwọn wáyà sípíríìngì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ojú méjì ti jó, wọ́n ń dán bí ibi tí wẹ́dà ti fi iná kan irin. Àlàfo tó wà láàárín ojú méjèèjì kò yàtọ̀ sí èyí tó wà láàárín orí méjèèjì bátìrì.

Ẹni tó bá ti ní Ìjàpá rí á ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Abẹ́ síìtì ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni bátìrì rẹ̀ máa ń wà. Síìtì náà fúnra rẹ̀, wáyà sípíríìngì ni egungun rẹ̀. Orí wáyà yẹn ni wọ́n tẹ́ irun sí, fọ́nrán èèpo àgbọn àti irun ẹranko tí wọ́n fi rọ́bà lẹ̀ mọ́ra, èyí tó ti gbẹ látọdún gbọọrọ bí ìtí igi ìdáná. Ìdérí kan wà tó yẹ kó bo orí bátìrì. Lórí tèmi, kò sí. Ẹnì kan ti tún síìtì náà rán rí láyé àtijọ́. Bóyá òun ló yọ ọ́, bóyá ẹlòmíràn ni, ẹnikẹ́ni ò lè sọ mọ́. Bí ẹni tó sanra bá ti jókòó, tí mọ́tò tún wá já sí kòtò, wáyà á kan orí méjèèjì bátìrì pọ̀, á pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ, irun á gbiná.

Èmi kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kí ìdérí kankan wà níbẹ̀. Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

N kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tún mọ́tò náà ṣe nígbà yẹn o. Mo gbà pé mo ti tún un ṣe tán ni. Bàbá mi ra Ìjàpá yìí ní 1978, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Òndó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méjì, tí Àkúrẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ olú-ìlú. Tíṣà ni. Owó Udoji, àfikún owó oṣù tí ìjọba san fún àwọn òṣìṣẹ́, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ra mọ́tò ní 1975, ìpìlẹ̀ ilé ló fi tirẹ̀ ṣe ní Òkè-Ìjẹ̀bú, wọ́n sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọdún mẹ́ta gbáko. Èkó ni wọ́n ti to mọ́tò náà pọ̀, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen ní 1975. Ọdún tí bàbá mi ra á gan-an làwọn ará Jámánì ṣíwọ́ ṣíṣe irú rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì ń ṣe é ní Mẹ́síkò títí di 2003. Lẹ́yìn tí bàbá kú, ó dúró sábẹ́ igi máńgòrò fún ọdún mẹ́rìnlá. Nígbà tí mo máa jí i, mo ṣe ẹ́ńjìnnì, mo ṣe bíréèkì, mo ra táyà mẹ́rin, mo kùn ún lọ́dà búlúù tó wù mí. Inú rẹ̀ ńkọ́? Mo fọ kápẹ́ẹ̀tì, mo fín in ní lọ́fínńdà.

Ọjọ́ kejì iná náà ni mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Bàbá Oníjàpá. Ìjàpá nìkan ni bàbá yìí ń ṣe láti kékeré. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lọ́nà Òndó, òkú Ìjàpá mẹ́ta ló sì fi ṣe ọgbà yí i ká. Mo ní kó bá mi kó gbogbo inú mọ́tò dànù kí a fi tuntun sí i. Ó wò mí títí.

"Ọmọ Tíṣà, ṣé o mọ iṣẹ́ tí ohun tí o fẹ́ dà nù ń ṣe?"

Mo ní, "Bàbá, ṣebí aṣọ àti fómù lásán ni."

Ó ní, "Ẹni tó yọ ìdérí bátìrì yẹn náà, lásán ló pè é."

Ó wá ṣòfin fún wa: ohunkóhun tí a bá yọ, kí a tò ó sílẹ̀ bó ṣe wà nínú mọ́tò, ohun iwájú níwájú, ohun ẹ̀yìn lẹ́yìn, kí ìkankan má sì kúrò níbẹ̀ títí arọ́pò rẹ̀ á fi dé. A tẹ́ nylon ńlá sílẹ̀. Mo ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà, mo ń fi fóònù ya fọ́tò. Inú ń bí mi díẹ̀ nígbà yẹn, torí ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi àkókò mi ṣòfò.

Ohun tó kọ́kọ́ jáde lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì nípọn bíi búrẹ́dì tí wọ́n gé, ó ní àwọ̀ eérú. Láti òkèèrè, ìdọ̀tí ni. Mo gbé e sún mọ́jú, mo rí fọ́nrán pupa, mo rí búlúù, mo rí àwọ̀ ewé, àní mo rí òwú kan tó ń dán bíi ti aṣọ ìnáwó. Àkísà ni! Aṣọ tí àwọn èèyàn ti wọ̀ gbó, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ di ẹní. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gba ariwo mu kí ooru ilẹ̀ má sì dé àtẹ́lẹsẹ̀. Àmọ́ níbi tí awakọ̀ ń gbẹ́sẹ̀ lé, nǹkan mìíràn ló wà níbẹ̀. Àpò ìdọ̀họ ni, ìṣẹ́po mẹ́ta, tí wọ́n fi okùn gán létí. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń kọ nǹkan sára àpò kòkó ṣì hàn lára rẹ̀, ààbọ̀ lẹ́tà kan àti nọ́ńbà 4. Mo dá ọwọ́ tó gán an mọ̀. Bàbá mi kì í gán nǹkan lọ́nà tààrà. Á lọ́ ọ síwá, á lọ́ ọ sẹ́yìn, bí ẹni ń tún bọ́ọ̀lù aláwọ rán. Mo jókòó lórí táyà kan fún ìgbà díẹ̀, ọmọ iṣẹ́ sì ṣe bí ẹni pé òun kò rí mi.

Àpò ìdọ̀họ kì í ṣe ohun burúkú o. Fọ́nrán ìdọ̀họ wà lára ohun tí àwọn oníṣẹ́ mọ́tò fúnra wọn ń lò láyé ọjọ́un. Ẹ̀bi rẹ̀ ni pé ó máa ń mu omi, tó bá sì ti mu ún kì í tètè pọ̀ ọ́. Abẹ́ rẹ̀ tutù, ó ń rùn bí ìdí àmù.

Ìsàlẹ̀ àpò náà la ti kan ọ̀dà: awẹ́ dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n fi irú ọ̀dà tí wọ́n ń dà sí títì ṣe, tí wọ́n ti yọ́ mọ́ irin láti ibi tí wọ́n ti tò ó. Iṣẹ́ tiẹ̀ yàtọ̀ sí ti àkísà. Irin ilẹ̀ mọ́tò fẹ́lẹ́ bí awọ ìlù; bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń lù, òun náà á máa dún. Ọ̀dà tó wúwo yìí ló ń di ìlù náà lẹ́nu. Bàbá Oníjàpá fi ìdí síkúrúdíráfà kan irin tó wà ní ìhòòhò, ó dún gbọngan-an. Ó kan èyí tí ọ̀dà wà lára rẹ̀, ó dún kì. Ó ní kí n máa kàn án káàkiri, kí n máa fetí sí i.

Tèmi ti gbẹ, ó ti sán. Omi ti gba ojú ibi tó sán wọlé, kò rọ́nà jáde, oòrùn ò sì rí i. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Níbi kan tí kò dún gbọngan-an tí kò sì dún kì, tó kàn dún bí ìgbà tí èèyàn ń kan páálí, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, àtàǹpàkò mi sì yọ sábẹ́ mọ́tò. Ìdí bátìrì ló burú jù, nítorí ásíìdì tó ti ń kán síbẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Ọ̀dà búlúù tí mo náwó lé lórí ń dán lókè, ilẹ̀ mọ́tò sì ti ń di asẹ́ nísàlẹ̀.

Bí a ṣe yọ ọ̀dà yẹn tó ìtàn lọ́tọ̀. Ọmọ iṣẹ́ fẹ́ fi gíráíńdà há a. Ọ̀dà yọ́, ó lẹ̀ mọ́ díìsìkì, ó ń ta sí wa lára. Ó tún ní kí òun fi iná gáàsì rọ̀ ọ́. Mo ní iná kan ti tó mi lọ́dún yìí, páìpù epo Ìjàpá sì gba inú ihò tó wà láàárín ilẹ̀ mọ́tò kọjá lọ sẹ́yìn. Òtútù ló ràn wá lọ́wọ́. Lókè òkun, yìnyín gbígbẹ tó tutù dé ìwọ̀n 78 nísàlẹ̀ òdo ni wọ́n ń dà lé e lórí kó lè dì gan-an, kó sì fọ́, ìta gbangba ni wọ́n sì ti ń ṣe é, torí gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀ lè gba afẹ́fẹ́ mọ́ èèyàn nímú. Àwa ò ní ìyẹn, àmọ́ oṣù kìíní ni, ọyẹ́ ń fẹ́. Aago mẹ́fà àárọ̀, nígbà tí irin ń bu èèyàn lọ́wọ́ jẹ, a ó ti gbé búlọ́ọ̀kù yìnyín tí a rà lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta omi tútù lé e. A ó dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà a ó fi òòlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì sí i, a sì ń fọ́ ní wẹ́wẹ́. Tí oòrùn bá ti ràn, ó parí nìyẹn, ọ̀dà ti rọ̀. Àárọ̀ mẹ́rin la fi ṣe é. Kẹrosíìnì àti àkísà la fi nu ìyókù, pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní ṣíṣí.

Ibi tí ẹ̀rù ti bà mí jù kò sí nínú mọ́tò, ìdí ẹ́ńjìnnì ni. Ẹnì kan ti fi aṣọ kan bí ìgbànú, tó funfun tó tún rí bí eérú, wé páìpù èéfín nígbà kan rí. Ó ti já láwọn ibì kan, etí rẹ̀ sì ń ṣe wúruwùru bí òwú ẹ̀gbọ̀n. Ọmọ iṣẹ́ ti fọwọ́ fà á, ó sì ti gbé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ó ń fẹ́ eruku rẹ̀ kí ojú páìpù lè mọ́. Ọ̀gbẹ́ni kan ládùúgbò wa, tó jẹ́ pé òkúta ni ìmọ̀ rẹ̀, ló dé láti wá kí mi, tó rí wa, tó pariwo.

"Ẹ pa kiní yẹn! Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún kúrò níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ asbestos."

Asbestos tí mo mọ̀ ni ti síìlíìnì àti ti òrùlé. Ta ni kò dàgbà sábẹ́ rẹ̀ ní Àkúrẹ́? Ó jókòó, ó ṣàlàyé. Ó ní òkúta ni asbestos, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á, àmọ́ òkúta tó ń ya ní fọ́nrán ni. Iná kì í jó o. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pò ó mọ́ sìmẹ́ńtì fi ṣe páànù òrùlé, tí wọ́n sì ń fi í ṣe bíréèkì, kílọ́ọ̀ṣì àti gásíkẹ́ẹ̀tì mọ́tò. Bó bá gbó tàbí tí wọ́n bá há a, fọ́nrán rẹ̀ á fọ́ di èyí tí ojú ò lè rí, á máa léfòó nínú afẹ́fẹ́ fún wákàtí gbọọrọ. Tí èèyàn bá fà á símú, ara ò lè yọ́ ọ. Á jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró, á máa dá àpá síbẹ̀, ó sì lè di jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tàbí jẹjẹrẹ awọ tó bò ó, lẹ́yìn ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, ogójì ọdún. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ẹ̀yà rẹ̀ kan tí kì í fa jẹjẹrẹ. Bírítéènì fòfin dè é pátápátá ní 1999, gbogbo orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní 2005. 1978 ni mọ́tò tèmi.

Mo bi í bóyá èèyàn lè fi ojú dá a mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Funfun wà, àwọ̀ ilẹ̀ wà, búlúù wà, àmọ́ tí ogójì ọdún èéfín àti gírísì bá ti kọjá lórí wọn, eérú ni gbogbo wọn. Fiber glass máa ń dán bíi gíláàsì, ó sì máa ń yún èèyàn lára lójú ẹsẹ̀. Asbestos kì í yún èèyàn, ìyẹn gan-an ni ìkà rẹ̀. Àwọn kan á ní kí o fi iná ṣáná sí i, tí kò bá jó, asbestos ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é: fiber glass náà kì í jó, ẹ ó sì ti da ohun tí ẹ ń sá fún sínú afẹ́fẹ́. Máíkírósíkóòpù ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, irú èyí tí àwọn onímọ̀ òkúta fi ń wò bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń gba inú òkúta kọjá. Ó fi omi rẹ ìwọ̀n èékánná kan, ó dì í sínú nylon méjì, ó mú un lọ. Nígbà tó padà wá, ó ní ó jọ ẹ̀yà funfun. Ó ní ká tilẹ̀ sọ pé kò rí i, torí ọjọ́ orí mọ́tò àti ibi tí wọ́n wé e mọ́, kí n ṣe é bí ẹni pé òun ni.

Bàbá Oníjàpá ti dúró tì wá láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sọ̀rọ̀. Láti ọmọ ọdún méjìlá ló ti ń fi ẹnu, lẹ́yìn náà fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, fẹ́ eruku inú bíréèkì dànù. Kò sí mekáníìkì tí n kò tíì rí kó ṣe é. Ó bèèrè pé, "Eruku bíréèkì náà ńkọ́?" Ọ̀gbẹ́ni náà ní, "Bàbá, tàtijọ́, òun náà ni." Bàbá nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó wọnú ṣọ́ọ̀bù lọ, kò sì jáde fún bí wákàtí kan. Láti ọjọ́ náà, omi ọlọ́ṣẹ ló ń fi nu ìdí bíréèkì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. N ò gbọ́ ọ kó sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Bí a ṣe yọ aṣọ náà nìyí. A fi ìgò onífífún tó ní omi àti ọṣẹ díẹ̀ rẹ ẹ́ títí tó fi ń kán, torí fọ́nrán tó tutù kì í fò. A kò fà á. Ọ̀bẹ la fi gé e ní gígùn, a sì ń rẹ ojú ibi tí a gé. Inú nylon tó nípọn ló ń bọ́ sí tààrà, a dì í, a tún fi òmíràn dì í. A kò gbálẹ̀, a kò fẹ́ nǹkan kan, àkísà tútù la fi nu gbogbo ibẹ̀, àkísà náà sì bá a lọ. Ní ti ìbòmú, aṣọ tí a rán nígbà Kòrónà kò lè dá fọ́nrán yìí dúró, ti dókítà oníbùlúù yẹn náà kò lè ṣe é. FFP3 tàbí P100 ni. Èkó ni mo ti ní kí wọ́n bá mi rà á wá. Ọmọ iṣẹ́ ní irùngbọ̀n tó ń fi ṣe fáàrí, ìbòmú ò sì lè lẹ̀ mọ́ ojú tó nírun. Mo ní kó yàn, irùngbọ̀n tàbí iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ó yan irùngbọ̀n, ó sì jókòó sábẹ́ igi lọ́nà jíjìn, ó ń wò wá. N ò dá a lẹ́bi. Nylon yẹn wà nínú dúrọ́ọ̀mù kan tí mo fi sìmẹ́ńtì dí lẹ́nu, ní kọ̀rọ̀ ẹ̀yìnkùlé mi, mo kọ MÁ ṢÍ sára rẹ̀. N kò jẹ́ sun ún, n kò sì jẹ́ dà á sórí ààtàn tí àwọn ọmọdé ń ṣa nǹkan.

Aṣọ fiber glass tó ní bébà fàdákà lójú ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Bébà fàdákà yìí, ó níbi tó ti ń wúlò: àfi kí afẹ́fẹ́ wà láàárín òun àti ohun tó gbóná. Bí o bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin gbágbá tí o tún fi nǹkan tẹ̀ ẹ́ lórí, ooru á gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

A gé ibi tó ti dípẹtà, a jó irin tuntun mọ́ ọn, a kùn ún lọ́dà tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà. Ohun tí mo wá fi rọ́pò ọ̀dà lákọ̀ọ́kọ́, ìtìjú ni. Mo rí róòlù dúdú kan tó ní ẹ̀yìn fàdákà, èyí tí àwọn kápẹ́ńtà fi ń dí òrùlé tó ń jò. Kò wọ́n. Lójú mi, kò yàtọ̀ rárá sí èyí tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń ta ní owó gọbọi. Mo lẹ̀ ẹ́ káàkiri, títí kan abẹ́ òrùlé mọ́tò. Ní oṣù kẹta, mo gbé mọ́tò sí oòrùn nítòsí Ọjà Ọba, mo lọ ra ẹja. Nígbà tí mo padà dé, inú mọ́tò ń rùn bíi títì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ọ̀dà sí, nǹkan dúdú kan sì ti kán látòkè sórí síìtì tuntun. Kẹrosíìnì lẹ́ẹ̀kejì. Èyí tó yẹ kí n rà ni rọ́bà butyl, oníwọ̀n mìlímítà méjì: kò rùn bí ọ̀dà, bí o bá fà á á nà bíi ṣingọ́ọ̀mù. Ohun tí kò jẹ́ kó wọ́n tó bí mo ṣe rò ni pé kò sí ìdí láti fi bo gbogbo irin. Bí o bá pín irin tó pẹlẹbẹ tó ń dún sí ọ̀nà mẹ́rin tàbí mẹ́ta, tí o bá ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀nà kan péré níbẹ̀, ìlù ti dákẹ́. A fi sípíríìtì nu irin, a sì fi ìgò yí i mọ́lẹ̀ bí ẹni ń yí ṣinṣín, kí afẹ́fẹ́ má bàa kù sábẹ́ rẹ̀.

Ní ti fómù, ọkùnrin tó ń rán síìtì fẹ́ ta fómù bẹ́ẹ̀dì fún mi láti tẹ́ sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Bàbá Oníjàpá kò bá a jiyàn. Ó bu omi sínú báàfù, ó gé fómù náà jù sí i. Ó mu omi, ó rì. Ó bọ́ sílípáàsì ẹsẹ̀ ọmọ iṣẹ́, ó jù ú sí i. Ó léfòó, ó sì gbẹ nígbà tó nù ún. "Irú èyí ni kó o wá," ló wí. Fómù tí ihò inú rẹ̀ dì, tí ìkankan kò ṣí sí èkejì. Àpò ìdọ̀họ bàbá mi, mo fọ̀ ọ́, mo sá a, ó wà nínú àpótí mi.

Mo rò pé mo ti gbọ́n tán. Nígbà tí mo to nǹkan padà, ó ku rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ti gan, tó yí ẹ́ńjìnnì ká létí, mo sì ní kí ni rọ́bà gbígbó fẹ́ ṣe. Mo fi í sílẹ̀. A gbọ̀nà Òndó. Kí a tó dé Ọ̀wẹnà, ẹ́ńjìnnì ti ń gbóná débi tí agbára rẹ̀ fi ń lọ sílẹ̀, tó ń rùn. Mo dúró lẹ́bàá àwọn tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo pe Bàbá lórí fóònù. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Rọ́bà etí ẹ́ńjìnnì dà?" Ìjàpá kò ní rádíétọ̀, afẹ́fẹ́ ló ń fi tutù. Fáànù á fa afẹ́fẹ́ tútù látòkè, á fẹ́ ẹ gba ara ẹ́ńjìnnì kọjá, èyí tó ti gbóná á sì jáde nísàlẹ̀. Rọ́bà yẹn ni ògiri tó wà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀. Tí kò bá sí, afẹ́fẹ́ gbígbóná á gòkè padà, fáànù á tún fà á, ẹ́ńjìnnì á máa mí èémí ara rẹ̀ símú. Mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ bí mo ṣe ń dúró kó tutù. Rọ́bà náà wà lórí nylon ní ṣọ́ọ̀bù níbi tí mo fi sílẹ̀ sí, nọ́ńbà ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lára rẹ̀. Tuntun la rà.

Èèpo wáyà náà ti sán láwọn ibi tó sún mọ́ ẹ́ńjìnnì. Rewáyà pààrọ̀ wọn, ó sì fi rọ́bà sí gbogbo ojú ihò tí wáyà ti gba irin kọjá. Okùn epo pẹ̀lú, a pààrọ̀ rẹ̀.

Síìtì ẹ̀yìn ló gbẹ̀yìn. Irun àgbọn tó kù níbẹ̀ kò ṣeé lò mọ́, fómù ni a fi sí i, fómù sì máa ń jó ju irun lọ, èéfín rẹ̀ a tún máa pa èèyàn. Nítorí náà a ra bátìrì tí kò ga, a fi bẹ́líìtì dè é mọ́lẹ̀, a fi ìdérí oníke tó le bò ó, a sì tún na rọ́bà tó nípọn sábẹ́ àwọn wáyà sípíríìngì níbi tó dojú kọ ọ́. Mo jókòó níbẹ̀ fúnra mi, mo fò sókè-sódò bí ọmọdé, ọmọ iṣẹ́ sì dọ̀bálẹ̀ ó fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀ bóyá nǹkan kan ń kan nǹkan kan.

Nígbà tí a tún fẹ́ lọ sí Ìdànrè, Ìyá Àgbà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò tòun ti gèlè, kò wọlé. Ó ní, "Gbé síìtì yẹn sókè kí n rí i." Mo gbé e. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ìdérí bátìrì náà lẹ́ẹ̀mẹta, kì, kì, kì. Ó wá ní kí n dá a padà, ó ká gèlè rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì wọlé lọ jókòó sápá òsì.